Ta Ni Yóò Ròyìn fún Dókítà?

Abẹ́òkúta, ìlú tí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro wà, là ń gbé, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Bí ọmọdé méjì bá ń bú ara wọn ní Ìtòkú tàbí ní Láfẹ́nwá, kì í pẹ́ tí ọ̀kan fi máa sọ pé Aro ló yẹ kí wọ́n gbé èkejì lọ. Àgbà tó bá gbọ́ á rẹ́rìn-ín. Àwa náà máa ń sọ ọ́ sí ọlọ́kadà tó bá já sọ́nà wa lójijì. Ẹnu wa ni ọmọ ti ń kọ́ ọ, kó tó mọ ibi tí ọgbà ilé ìwòsàn náà wà rárá. Bí àìsàn bá wá ká irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, èébú ni wọ́n máa pe ibi tí ìwòsàn rẹ̀ wà létí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni ìyẹn náà. Àwa la kọ́ ọ.

Mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lórí àìsàn ọpọlọ kan tó máa ń da òbí láàmú ju ọ̀pọ̀ lọ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní schizoaffective disorder. Orúkọ náà le lẹ́nu, àmọ́ ìṣe rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti bá a gbé. Ọ̀nà méjì ló ń gbà yọ sí ọmọ. Lọ́nà kìíní, ọmọ á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ohùn tó ń bú u tàbí tó ń pàṣẹ fún un. Ó lè dá a lójú pé aládùúgbò ń fi nǹkan sínú oúnjẹ òun, pé òun ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ń bá wí, pé àwọn kan ń tọ òun lẹ́yìn láti Kútọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè máa fò láti ibì kan sí ibòmíràn, tí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò ní mọ ibi tó forí lé.

Ọ̀nà kejì jẹ mọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń rí. Nígbà mìíràn, ara rẹ̀ á yá kọjá bó ṣe yẹ. Kò ní sùn lóru mẹ́ta, síbẹ̀ kò ní rẹ̀ ẹ́. Á máa ná owó tí kò ní, ọ̀rọ̀ á máa yára lẹ́nu rẹ̀, á sì máa bínú sí ẹni tó bá ní kó sinmi. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì á bò ó mọ́lẹ̀. Kò ní wẹ̀, kò ní jẹun, kò ní fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, á sì máa sọ pé kí wọ́n kúkú jẹ́ kí òun kú. Ẹni tí ọ̀nà kìíní nìkan bá bá jà, ó ṣeé ṣe kí dókítà pe tirẹ̀ ní schizophrenia. Bó bá jẹ́ ọ̀nà kejì nìkan, wọ́n lè pè é ní bipolar tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nínú èyí tí mò ń wí yìí, méjèèjì ló pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n sì lè wá pọ̀, tàbí kí ọ̀kan wá lẹ́yìn èkejì.

Jacob Kasanin, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ló fún un lórúkọ ní 1933, nígbà tó kọ̀wé lórí aláìsàn 9 tí ipò wọn jọ èyí. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ibi tí ààlà rẹ̀ wà. Ìwé ìtọ́nisọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2013, fi àkókò ṣe òṣùwọ̀n. Ó ní ohùn tàbí ìgbàgbọ́ òdì náà gbọ́dọ̀ ti wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, ní àkókò tí ara ọmọ kò yá sódì, tí ìrẹ̀wẹ̀sì kò sì bò ó. Àwọn ìgbà tí ara yá sódì tàbí tí ìrẹ̀wẹ̀sì wà sì gbọ́dọ̀ gba èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo ìgbà tó ti ń ṣàìsàn. Ìwé náà fojú bù ú pé nínú ènìyàn 1,000, bíi 3 ni irú rẹ̀ lè bá láyé wọn. Ìgbà tí ọmọ bá ń di géńdé ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tó wà ní yunifásítì, tàbí tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, tí gbogbo wa ń fojú sọ́nà fún ohun tó máa dà.

Ẹ padà sórí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ta ló wà nílé nígbà náà? Dókítà kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ dé iwájú rẹ̀, ọmọ lè jókòó jẹ́ẹ́ kó dá a lóhùn bí ọlọgbọ́n. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè fi àìsàn yìí hàn, bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò tí wọ́n ń ya orí kò lè fi í hàn. Wọ́n ń ṣe àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyẹn kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe ibà tó gun ọpọlọ, tàbí wárápá, tàbí igbó àti tramadol tí ọmọ ń lò níkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìròyìn ló kù: èwo ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe pẹ́ tó, kí ni ó ń ṣe lóru, báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí lọ́sàn-án. Ẹnu àwa tí a jọ ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ni ìròyìn náà wà.

Mo mọ ìyá kan ní ìlú wa yìí tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àkókò òjò ni. Ọmọ náà ti ilẹ̀kùn mọ́ra, kò jẹun, wọ́n ní ìwé kíkà ló mú un. Nígbà tó yá, ó jáde, ó ń wẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ọ lóru tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí òun nìkan wà, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni náà fi òun sílẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀. Lọ́dún kejì ni ara ọmọ náà wá yá sódì, tó ń pín aṣọ rẹ̀ fún àwọn tó ń kọjá lọ, tí kò sùn. Ilé àdúrà kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n sí i lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nígbẹ̀yìn, àgbà kan nínú ẹbí pe ìyá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó má sọ pé ó ti pẹ́. Kó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà kọ orúkọ ọmọ mọ́ ti àwọn tí wèrè wọn ti jingíri.

Ọ̀sẹ̀ kan ni dókítà gbọ́, ọ̀sẹ̀ kan náà ló sì fi ṣiṣẹ́. Wọ́n tọ́jú ohun tí wọ́n rí lójú, ara tó yá sódì, ó sì rọ̀. Wọ́n dín oògùn kù bó ṣe yẹ kí wọ́n dín in kù fún ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá. Ohùn padà dé. Lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n jọ lọ ni dókítà wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti gbọ́ irú rẹ̀ rí nígbà tí ara ọmọ náà balẹ̀. Ìyá yìí bú sẹ́kún, ó sọ ti àkókò òjò. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń bá jà, tí ìtọ́jú náà sì yí padà.

Mi ò ní bá àgbà ẹbí náà wí púpọ̀, torí mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kí ìgbéyàwó tó wáyé láàárín wa, ẹbí á ṣe ìwádìí, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sì máa ń béèrè lábẹ́lẹ̀ ni pé, ṣé wèrè ò sí nínú ìdílé yẹn? Òbí tó bí ọmọ mẹ́rin, tí ọ̀kan ń ṣàìsàn, mẹ́ta ló rò pé òun ń dáàbò bò nígbà tó bá pa ẹnu mọ́. Ìfẹ́ ló wà nínú ìpanumọ́ náà. Òótọ́ sì ni pé irú àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí. Àmọ́ òótọ́ mìíràn wà níbẹ̀ tí a kì í sọ: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọmọ àti àbúrò ẹni tó ní in ni kò ní ní in láéláé. Ìpanumọ́ kò sì lè yọ ohunkóhun kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìkìlọ̀ ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta tó kù. Àbúrò tó bá mọ ohun tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà ní ìdí tó lágbára láti jìnnà sí igbó, nítorí igbó máa ń tètè pe irú àìsàn yìí jáde lára ẹni tó bá wà nínú ẹbí rẹ̀.

Ti ọmọbìnrin tún lágbára jù. Ẹ wo ẹni tí wọ́n gbé níyàwó, tí ilé ọkọ kò sì mọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ jẹ́ ọ̀kan lára àkókò tí irú àìsàn yìí lè padà dé kíákíá. Àwọn ìyá wa mọ abísínwín, wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí ìyá ọkọ bá ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, á rí i pé ìyá ọmọ kò sùn mọ́, tí ọmọ bá tilẹ̀ sùn, á sì tètè ké sí wa. Bí kò bá mọ̀, á rò pé ìyàwó òun ń ṣe ìgbéraga ni, tàbí pé ó kórìíra ọmọ rẹ̀. Ẹ̀mí méjì ló wà nínú ewu lórí ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ nítorí ìtìjú.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìlú wa gan-an ni àgbáyé ti wá kọ́ bí ẹbí ṣe lè wà nínú ìtọ́jú. Ní 1944 ni wọ́n ṣí ibùdó Lantoro, ibi tí Aro ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, láti gba àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí ọpọlọ wọn dàrú lójú ogun. Nígbà tó di 1954, Thomas Adeoye Lambo padà sílé láti wá ṣe olórí ní Aro. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1923, Baptist Boys' High School ló lọ, ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham kó tó lọ kọ́ ti ọpọlọ ní London. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ń kọ́ fún un kò tíì parí. Kò jókòó máa retí bíríkì. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí Aro ká, pé kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn, kí wọ́n máa bá wọn gbé bí àlejò ṣe ń bá onílé gbé.

Ẹnu ọ̀nà ni òfin tó ṣe pàtàkì jù wà. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ wá lóun nìkan. Ó gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan wá nínú ẹbí, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyàwó, ẹni tó máa dáná fún un, tó máa fọ aṣọ rẹ̀, tó máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tó sì máa mú un padà sí abúlé lọ́sàn-án. Lambo tún mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, torí ó mọ̀ pé wọ́n gbọ́ èdè ìbẹ̀rù tí aláìsàn ń sọ. Òkìkí ètò yìí kàn débi pé, ní 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ ti péjọ fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà, ó sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Àwọn tó ń yìn ín sábà máa ń yìn ín fún àánú, pé kò ti aláìsàn mọ́lé. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ mo rí nǹkan mìíràn nínú òfin ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá aláìsàn sùn sínú yàrá kan náà mọ̀ bó bá sùn, ó mọ̀ bó bá ń dá sọ̀rọ̀, ó mọ̀ bó bá tu oògùn dànù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òun àti aláìsàn ló jọ dé iwájú dókítà. Lambo fi òfin mú ìròyìn wọ ilé ìwòsàn. A wà nínú ìlú tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, a sì ń kọ́ ìyá ọmọ pé kó má sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí ńlá lórí schizophrenia ní orílẹ̀-èdè 9, ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1968, Ìbàdàn wà lára wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn náà, ara àwọn ti Ìbàdàn, Agra ní Íńdíà àti Cali ní Kòlóńbíà ti yá ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní ìlú olówó lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ títí di òní. Èmi ò ní sọ pé ẹbí nìkan ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí ohun tó wà níbí tí kò pọ̀ lọ́hùn-ún, àwọn tó jókòó ti aláìsàn ni mo máa tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ìtọ́jú fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ òbí rò pé abẹ́rẹ́ oorun lásán ni wọ́n ń fún ọmọ. Níwọ̀n bí àìsàn náà ti gba ọ̀nà méjì wọlé, oògùn náà sábà máa ń jẹ́ oríṣi méjì. Oríṣi kan wà fún ohùn àti ìgbàgbọ́ òdì: haloperidol, risperidone, olanzapine àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Paliperidone ni èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2009 fún schizoaffective disorder gan-an. Ọmọ tó bá máa ń gbàgbé hóró oògùn lè gba abẹ́rẹ́ tó ń pẹ́ lára, bíi fluphenazine, tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Oríṣi kejì ń mú kí inú dúró lójú kan: lithium, sodium valproate, carbamazepine. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá pọ̀, dókítà lè fi oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kún un, àmọ́ á máa ṣọ́ ọ, torí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì lè ti ara tó ń yá sódì sókè sí i.

Oògùn kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ òbí. Ẹni tó ń lo lithium gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè, kí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ nínú ara, kí wọ́n sì wo kíndìnrín. Bí ó bá ń bì tàbí tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà, torí oògùn náà lè pọ̀ lódì nínú ara tí omi ti gbẹ. Sodium valproate lè ba ọmọ inú jẹ́, nítorí náà, ìyá tó ní ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ béèrè nípa rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Haloperidol àti fluphenazine lè mú kí ọrùn le, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí itọ́ máa dà. Àwọn kan ń mú kí ènìyàn sanra gan-an. Wọ́n lè dá nǹkan oṣù obìnrin dúró, wọ́n sì lè bu agbára ọkùnrin kù. Ohun tí ọmọ fi ń sọ oògùn dànù nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, torí ojú ń tì í láti sọ ọ́ létí bàbá rẹ̀. Ẹ bi í léèrè. Oògùn wà tó ń tú ọrùn tó le, wọ́n sì lè dín ìwọ̀n kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà ni kí ó dá dáwọ́ dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Oògùn ló jẹ́ kí ara yá, bí wọ́n bá sì já a lójijì, ọ̀pọ̀ ló ń padà sínú rẹ̀.

Àwọn kan á béèrè pé, àgbo ńkọ́? Mi ò ní bú àgbo. Igi asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn wa ń fi tọ́jú wèrè ní agbára tòótọ́. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1960. Èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú igi náà, ó sì máa ń pa ara tó ń gbóná rọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ gidigidi, ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà sì ti ń kìlọ̀ pé ó lè fa ìrẹ̀wẹ̀sì. Ọmọ tí ìrẹ̀wẹ̀sì jẹ́ ìdajì àìsàn rẹ̀ kọ́ ló yẹ kí a fún ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìwọ̀n, lórí oògùn dókítà tó ti ń lò. Bí ẹ bá ti fún un, ẹ sọ ọ́. Ìyẹn náà wà lára ìròyìn.

Àdúrà ńkọ́? Ẹ gbà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀wọ̀n dè é, tàbí kí wọ́n nà án, tàbí kí wọ́n febi pa á lórúkọ àdúrà. Ní 2019, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n bẹ ibùdó 28 tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn ọpọlọ wò ní ìpínlẹ̀ 8 àti Àbújá, ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Ní oṣù kìíní 2023 ni ààrẹ Nàìjíríà ìgbà náà fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin wèrè tó ti wà láti ayé òyìnbó, 1916. Òfin náà fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tó níyì. Ọwọ́ wa ló kù sí.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa pọ̀ sí. Ní London, George Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn aláìsàn tó kúrò ní ilé ìwòsàn padà sílé. Ìwádìí wọn, tó jáde ní 1972, fi hàn pé àwọn tó padà sí ilé tí wọ́n ti ń bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n, tí wọ́n ti ń kórìíra wọn, tàbí tí wọ́n ti ń kẹ́dùn lé wọn lórí láìsinmi, ló pọ̀ jù nínú àwọn tí àìsàn tún dá wó. Ẹ rò ó wò. Ọ̀lẹ, aláìmoore, o ti ba ayé mi jẹ́, wo ẹgbẹ́ rẹ: ọ̀rọ̀ tí òbí ń sọ nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ bí ìgbà tí kò lo oògùn. Sísùn lọ́sàn-án rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, oògùn tàbí àìsàn ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ bá dókítà sọ ọ́, kí ẹ tó bá ọmọ jà lórí rẹ̀.

Bí ó bá ní òun ń gbọ́ ohùn, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì ṣe bí ẹni pé ẹ gbọ́ ọ. Ẹ lè sọ pé, "Èmi ò gbọ́ ọ, ọmọ mi, àmọ́ mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Kí ni ó ń sọ?" Ìdáhùn rẹ̀ ṣe pàtàkì, torí ohùn mìíràn ń pàṣẹ pé kí ó pa ara rẹ̀. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti kú. Bíbéèrè kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn, ó ń ṣílẹ̀kùn fún un ni. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé oògùn apakòkòrò àti oògùn ara rẹ̀ kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Àwọn àbúrò rẹ̀ náà ń wò wá. Bí a bá ń fi í pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn nígbà tí àlejò bá dé, wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń fi ènìyàn pamọ́. Bí a bá jókòó tì í níbi oúnjẹ, tí a sì sọ fún wọn pé ọpọlọ ló ń ṣàìsàn, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi wọn, kò sì ràn, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún ọmọ tó bá bú wọn ní ilé-ìwé.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ìgbà tó sùn àti ìgbà tó jí, bí ó bá jẹun, bí inú rẹ̀ ṣe rí, bí ó bá ń gbọ́ nǹkan, oògùn tó lò àti èyí tó kọ̀. Ìlà méjì tó fún ọjọ́ kan. Bí ọ̀nà Aro bá jìn sí yín, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò. Láti 2011 ni Aro ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ irú ibẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn bí wọ́n ṣe lè tọ́jú aláìsàn ọpọlọ nítòsí ilé. Ìwé kan náà ni ẹ máa mú dání lọ síbẹ̀.

Ó sì yẹ kí ìwé náà kúrò lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀. A ò ní í wà láyé títí. Nígbà tí ara ọmọ bá balẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀, ẹ jọ kà á, kí ó rí i fúnra rẹ̀ pé oorun ló kọ́kọ́ máa ń lọ kí ohun tó kù tó dé, tàbí pé bí òun bá ti ń fura sí aládùúgbò, ó ti ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ kọ́ ọ ní orúkọ oògùn rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ bá a yan ẹnì kan nínú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó máa bá a lọ bí a kò bá sí mọ́. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ní irú àìsàn yìí, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé, tí wọ́n wà nílé ọkọ. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé oorun òru méjì ti lọ, àwọn fúnra wọn ló ń wọ ọkọ̀ lọ bá dókítà, tí wọ́n sì ń ròyìn ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.